Mo gbé WeeChat mi kúrò ní 3.8 bọ́ sí 4.6.3

Iná lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú méjì. Rọ́tà kú, a sì wà láàárín ọ̀rọ̀ tó gbóná lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ orúkọ àwọn ìlú kéékèèké nínú àwọn àyọkà Wikipedia Yorùbá. Mo táràrà mú fóònù nínú òkùnkùn, mo tan họ́tísípọ́ọ̀tì, mo tẹ ìlà kan péré sórí laptop: /remote connect jamani. Kí n tó mí kanlẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lẹ́yìn mi ti tò sílẹ̀ níwájú mi, pẹ̀lú àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀. Mo dá ẹni tó bi mí ní ìbéèrè lóhùn. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn pé mo kúrò níbẹ̀.

Alẹ́ yẹn ló mú mi jókòó kọ àyẹ̀wò yìí. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń lo WeeChat, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dà kankan tó yí ọwọ́ tí mo fi ń lò ó padà bí ọ̀wọ́ ẹ̀dà 4 ti ṣe.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, WeeChat jẹ́ ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú terminal, ojú dúdú tí a ti ń fi lẹ́tà pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà nìkan ló wà níbẹ̀: orúkọ àwọn ìkànnì lápá òsì, ọ̀rọ̀ láàárín, orúkọ àwọn tó wà níjòókòó lápá ọ̀tún, ìlà tí a ń kọ̀wé sí nísàlẹ̀. Sébastien Helleu, ará Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003, òun náà ló sì ń darí iṣẹ́ rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè ka kóòdù rẹ̀ kó tún un ṣe. IRC ni ó ń gbà sọ̀rọ̀, ọ̀nà ìtàkùrọ̀sọ tí Jarkko Oikarinen dá sílẹ̀ ní yunifásítì ìlú Oulu, ní Finland, ní oṣù kẹjọ ọdún 1988. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ.

Àwọn kan rò pé IRC ti kú. Kò kú o. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ freenode, nẹ́tíwọ́ọ̀kì IRC kan, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 tí wọ́n sì dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì, Libera.Chat, sílẹ̀, àwọn ará Wikimedia kó àwọn ìkànnì wọn lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi tí mò ń ṣàtúnṣe Wikipedia Yorùbá láti Òṣogbo ti ń bá àwọn tó mọ inú ẹ̀rọ rẹ̀ pàdé. Bí mo bá ní ìbéèrè lórí àdàkọ kan tó ta kókó, èèyàn wà ní #wikimedia-tech tó lè dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan náà.

Mo pẹ́ lórí 3.8. Òun ni Debian 12, irú Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, gbé wá, 4.0.0 sì jáde lẹ́yìn rẹ̀ nínú oṣù kan náà, oṣù kẹfà ọdún 2023. Mo lè ti gba èyí tó tuntun láti ibi ìpamọ́ àwọn ará WeeChat fúnra wọn, wọ́n ń ṣe é fún Debian, àmọ́ ẹ̀rù àwọn bọ́tìnì mi ń bà mí. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn mo ti so iṣẹ́ mọ́ bọ́tìnì tó lé ní ogún: F5 ń gbé mi lọ sí ìkànnì tí wọ́n ti dárúkọ mi, Alt pẹ̀lú ọ̀fà ń gbé mi lọ síwá sẹ́yìn. Ìròyìn 4.0 sì sọ pé orúkọ gbogbo bọ́tìnì ti yí padà. Nígbà tí Debian 13 wá dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 pẹ̀lú 4.6.3 nínú, kò sí àwáwí mọ́.

Ìbẹ̀rù náà kò ní ìdí. Láyé 3.8, bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀fà òkè ṣe nǹkan, meta2-A lẹ máa kọ. F1 jẹ́ meta2-11~ tàbí nǹkan míì, ó kù sọ́wọ́ terminal tí ẹ ń lò. Èmi kò há wọn sórí rí, ńṣe ni mo máa ń tẹ Alt+k kí ètò náà fúnra rẹ̀ bá mi kọ ọ́. Nísinsìnyí up ni up, f1 ni f1, ctrl-a ni ctrl-a. Ètò náà fọwọ́ ara rẹ̀ tú gbogbo ti àtijọ́ sí tuntun nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i, kò sì sí ọ̀kan tó sọnù nínú ogún-lé-díẹ̀ mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé fáìlì ètò tó bá ti yí sí ti ẹ̀dà 4 kì í padà sí 3.8 mọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà ~/.config/weechat sí ibòmíràn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Èmi ṣe é.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí /remote, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Mo ní server kékeré kan tí mo háyà ní Jámánì, RAM rẹ̀ kò ju 1 GB lọ. WeeChat ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru nínú tmux, tí kì í jẹ́ kí ètò kú bí mo bá jáde. IRC kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ de ẹni tí kò sí níjòókòó. Bí o kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ó ti kọjá nìyẹn. Nítorí náà ẹni tí iná rẹ̀ kì í dúró gbọ́dọ̀ ní aṣojú kan níbi tí iná kì í ti í lọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, SSH, ọ̀nà tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè, ni mo ń gbà wọ inú server yẹn. Bí mo bá tẹ lẹ́tà kan ní Òṣogbo, lẹ́tà náà á kọ́kọ́ rìnrìn àjò dé Jámánì kó tó padà wá hàn lójú mi. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, ara kì í fu èèyàn. Lọ́jọ́ tó bá ń ṣe ségesège, màá tẹ "ẹ kú iṣẹ́ o", ọwọ́ mi á ti parí tipẹ́, ojú mi á ṣì máa retí "ẹ" àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti ṣe àṣìkọ nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ mọ ìyà tó wà nínú kí a máa tẹ bọ́tìnì ìparẹ́ láìrí ohun tí à ń pa rẹ́.

Ní 4.3.0, tó jáde ní 2024, wọ́n fi ohun tuntun kan sínú relay, apá WeeChat tó ń jẹ́ kí ètò míì bá a sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, wọ́n ń pè é ní api, wọ́n sì fi àṣẹ /remote tì í. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: WeeChat ti Jámánì ló ń bá Libera sọ̀rọ̀, WeeChat tó wà lórí laptop mi sì ń bá ti Jámánì sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ mi níbí ni lẹ́tà tí mò ń tẹ ti ń hàn, lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí mo bá tẹ Enter ni ọ̀rọ̀ náà tó gbéra. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín gbólóhùn mi, mo ṣì lè máa kọ ọ́ lọ.

Lórí server, mo fi pásíwọ́ọ̀dù sínú relay.network.password, mo sì tẹ /relay add tls.api 9000. Lórí laptop, mo tẹ /remote add jamani, mo fi àdírẹ́sì àti pásíwọ́ọ̀dù náà tẹ̀ lé e. Ẹ má kọ pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀ gbayawu: /secure wà fún un, yóò tì í pa sínú fáìlì tó jẹ́ pé gbólóhùn ìkọ̀kọ̀ yín nìkan ló lè ṣí i. TLS ló ń bo ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kí ẹlòmíràn má bàa kà á. Ìwé ẹ̀rí TLS mi wá láti ọ̀dọ̀ Let's Encrypt, kò ná mi ní kọ́bọ̀. Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe kan. Ìwé ẹ̀rí náà ní gbèdéke, server ń sọ ọ́ dọ̀tun fúnra rẹ̀, àmọ́ WeeChat tó ti ń ṣiṣẹ́ kò mọ̀ pé tuntun ti dé, àyàfi bí a bá sọ fún un. Laptop mi kọ̀ jálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò fẹ́ bá Jámánì sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jàre, ìwé ẹ̀rí tó ti kú ni mo fẹ́ kó gbà. Àṣẹ tó kù mí kù ni /relay tlscertkey. Mo ti kọ ọ́ sára ògiri lókè tábìlì mi.

Ohun míì tẹ́ ẹ lè tètè yí padà ni relay.api.remote_get_lines. Òun ló ń sọ iye ìlà tí laptop yóò gbà wá láti ìkànnì kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá wọlé. Wọ́n fi í sí 1000. Èmi tí mo wà ní ìkànnì mẹ́rìndínlógún, tí mo sì ń fi dátà fóònù wọlé nígbà tí iná bá lọ, mo dín in kù sí 200. Ó tó mi. Kódà bí mo bá fi í sí 1000, lẹ́tà lásán ni, kì í jẹ dátà bí àwọn àwòrán àti fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí.

Ìdíwọ́ kan wà nínú /remote: api ti apá méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà kan náà. Bẹ́ ẹ bá sún server síwájú láìsún laptop, wọ́n lè má gbọ́ ara wọn. Debian 13 wà lórí méjèèjì fún èmi, torí náà kò tíì dí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí server rẹ̀ jẹ́ Debian tí laptop rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan míì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi, ó wà ní yunifásítì. Ó dúró lẹ́yìn mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń wo ojú dúdú yẹn.

"Àǹtí mi, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ nínú gbogbo nǹkan dúdú yìí?"

Mo ní kó jókòó. Mo fi ẹni tó wà ní India hàn án, mo fi ẹni tó wà ní Jámánì hàn án, mo ní kó ka ohun tí à ń sọ. Ó kà á fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ fi sórí tèmi náà." Níbí ni mo ti rí àǹfààní àtúnṣe kan tí mi ò kà sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, bẹ́ ẹ bá gbàgbé láti kọ -ssl (orúkọ àtijọ́ TLS) àti nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà rẹ̀, 6697, nígbà tẹ́ ẹ ń fi server kún un, ìta gbangba ni ọ̀rọ̀ yín ń gbà kọjá. Ẹni tó bá jókòó sórí Wi-Fi kan náà pẹ̀lú yín lè kà á. Láti 4.0, /server add libera irc.libera.chat ti tó. TLS àti 6697 ni yóò kọ́kọ́ lò bẹ́ ẹ kò bá sọ nǹkan míì. Àbúrò mi tẹ ìlà kan yẹn, ó tẹ /connect libera, ó wọlé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ààbò láìjẹ́ pé mo ṣàlàyé TLS fún un. Inú yàrá ilé ìwé, níbi tí ogún èèyàn ti ń pín Wi-Fi kan lò, ni ó ti máa ń lò ó báyìí.

Ó wá bi mí ní ohun tó jinlẹ̀ jù: ṣé èèyàn lè kọ Yorùbá tó ní àmì síbẹ̀?

Ó ṣeé ṣe, dáadáa sì ni. Bí LANG yín, ibi tí a ti ń sọ èdè tí kọ̀ǹpútà yóò lò, bá ti parí sí UTF-8, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà gbogbo èdè, ẹ, ọ, ṣ, àti àmì ohùn lórí wọn yóò jókòó síbi tó yẹ. Tèmi jẹ́ yo_NG.UTF-8, nítorí náà nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ tuntun bá mọ́, ìlà tí WeeChat fi ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ń fi orúkọ ọjọ́ hàn ní èdè wa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe àbúrò mi kó wá wò ó. Lẹ́tà bí ẹ́ jẹ́ nǹkan méjì tí a tò lé ara wọn, ẹ àti àmì òkè, WeeChat sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀: bẹ́ ẹ bá tẹ ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àmì nìkan ni yóò lọ, lẹ́tà á dúró. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí pé nínú kíkọ Yorùbá, àmì ni a máa ń ṣì fi, kì í ṣe lẹ́tà.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ Yorùbá lórí IRC mọ̀ ni ọ̀rọ̀ báìtì, ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń ka àyè tí lẹ́tà gbà. Ìfiránṣẹ́ kan lórí IRC kò gbọ́dọ̀ ju báìtì 512 lọ, orúkọ yín àti orúkọ ìkànnì sì wà nínú òǹkà yẹn. Ẹni tó kọ "day" ná báìtì mẹ́ta. Èmi tí mo kọ "ọjọ́" ná mẹ́sàn-án: mẹ́ta fún ọ, ọ̀kan fún j, mẹ́ta fún ọ kejì, méjì fún àmì orí rẹ̀. Àyè tó gba Gẹ̀ẹ́sì gùn-ún-gùn kì í pẹ́ kún fún Yorùbá. Ètò kan tí mo lò kó tó di WeeChat kì í sọ nǹkan kan fún mi nígbà tó bá kún. Server á gé ìyókù dànù, èmi á rò pé mo ti sọ ọ́, àwọn tó kù á máa rí gbólóhùn tí kò nírù. Mo bá ẹnì kan ṣe gbólóhùn asọ̀ nítorí rẹ̀ rí, ó rò pé mo fi ìdáhùn dù ú. WeeChat ń ka báìtì fúnra rẹ̀, ó ń gé ìfiránṣẹ́ náà síbi àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, ó ń fi ìyókù ránṣẹ́ tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ohun tuntun ní 4, àmọ́ mi ò lè ṣàyẹ̀wò ètò yìí fún ọmọ Yorùbá kí n má mẹ́nu kàn án.

Orúkọ tí ẹ fi ń jókòó síbẹ̀ ni kò lè gba àmì. Òfin Libera fúnra rẹ̀ nìyẹn: lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti àwọn àmì díẹ̀ bíi _ àti - nìkan, kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́rìndínlógún lọ. Ó dùn mí díẹ̀ pé orúkọ mi kò lè dúró bó ṣe yẹ.

Ìlà púpọ̀ náà ti dé. Láti 4.0, Alt+Enter ń ṣí ìlà tuntun nínú ibi ìkọ̀wé láìfi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, èyí tó dára fún ẹni tó fẹ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà kó tó tú u síta. Server tó mọ ìlà púpọ̀ yóò gbà á ní odindi. Libera kò tíì mọ̀ ọ́n, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń lọ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti 4.2 tó lè fi àkókò hàn dé ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan, mi ò nílò rẹ̀.

Àwọn àtúnṣe ààbò ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. 4.6.3 fúnra rẹ̀, tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, wá láti dí oríṣiríṣi ihò buffer overflow àti integer overflow, ìyẹn àṣìṣe tí dátà tàbí òǹkà ti ń pọ̀ ju àyè rẹ̀ lọ. Kó tó dìgbà náà, 3.4.1 ní 2022 ti tún ọ̀kan tó burú ṣe: láti 3.2 títí dé 3.4, bí èèyàn bá yí àwọn ètò ìwé ẹ̀rí gnutls (ohun tí WeeChat fi ń ṣe TLS) padà nígbà tí WeeChat ń ṣiṣẹ́, ètò náà lè má yẹ ìwé ẹ̀rí server wò dáadáa mọ́. Wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹ̀dà tó kàn sílẹ̀ ní gbangba. Ìdí tí mo fi fọkàn tán wọn nìyẹn. Bí ẹ̀dà tuntun bá sì dé, /upgrade ń gbé ètò náà bọ́ sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ ojú ìkànnì parẹ́. Àsopọ̀ TLS nìkan ló ń já, ó sì ń tún ara rẹ̀ so lẹ́yìn náà.

Ẹ̀dùn ọkàn mi méjì rèé. Èkíní, wíwá ọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà lè kọ ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, ó sì lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀. WeeChat ń wo kóòdù, kì í wo ojú lẹ́tà, nítorí náà ohun tí ẹnì kan fi kíbọọ̀dù rẹ̀ kọ lè sá pamọ́ fún ẹni tó ń fi kíbọọ̀dù míì wá a. Mo ti mọ́ra láti máa wá ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì nínú gbólóhùn náà. Èkejì, ọ̀rọ̀ ojú ètò náà wà ní Faransé, ní Jámánì, ní Japanese, ní Turkish, ní Serbian. Kò sí Yorùbá níbẹ̀.

Fáìlì ìtumọ̀ rẹ̀, .po, wà ní gbangba, mo sì ti gbà á wálẹ̀. Èmi àti àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, a kò sì tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan, buffer, ìyẹn ibi tí ìtàkùrọ̀sọ kọ̀ọ̀kan ń gbé nínú WeeChat. Mo kọ "ojú-ewé". Ó mi orí.

"Àǹtí mi, ẹ kì í wọ inú ojú-ewé. Yàrá lẹ máa ń wọ̀."

Yàrá ni mo kọ sílẹ̀ báyìí.